Lẹ́tà Tí Kò Ní U

Òórùn iṣu tuntun tí wọ́n ń sun lórí ẹyin iná ni ó jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìpótì, ní Èkìtì, ní ayé tiwa mọ òórùn tí mò ń wí: èèpo iṣu tó ń jó, èéfín igi kòkó gbígbẹ, àti epo pupa tí wọ́n ti bù sínú àwo tí ó ń dúró de iṣu tí kò tíì jinná. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi ọ̀bẹ ha ibi tó ti dúdú lára iṣu. Kò yíjú wò mí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo ti jí, nítorí pé imú mi kì í jẹ́ kí n pẹ́ lórí ẹní nígbà tí iṣu bá wà lórí iná.

Ó ní, "Fúnkẹ́, lọ bọ́jú rẹ. Mú báírò àti uwé wá. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà."

Ìyá mi kò mọ̀wé kọ. Bó bá ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà, èmi ni ó ń bá wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, kíláàsì kẹrin ni mo wà, mo sì ti di akọ̀wé fún gbogbo obìnrin agboolé wa. Awùsá ni wọ́n fi ń dá mi lọ́lá, tàbí ègé ẹran kan nínú ọbẹ̀, mo sì ń ṣe fáàrí bí dókítà tó fẹ́ gúnni lábẹ́rẹ́: mà á gbọn báírò, mà á fi í kan ahọ́n, mà á wá béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?" Bí obìnrin kan bá ní kí n kàn sọ fún ọkọ òun pé àlàáfíà ni àwọn wà, n kì í gbà pé ìyẹn tó. Mà á fi òjò kún un, mà á fi adìẹ tó ń pa ẹyin kún un, mà á sì jẹ́ kí obìnrin náà sunkún díẹ̀ ní ìparí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló ń rín níwájú mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló sáré wálé nítorí omijé tí n kò rí lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bi mí lónìí níbo ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn àròsọ, ibẹ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti àárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ti eré, nítorí pé ọ̀rọ̀ tèmi ló wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, bàbá mi ti sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní bí a bá ti gba ìsinmi, òun yóò mú mi lọ sí Àràmọ̀kọ́, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ó ní mo ti mọ̀wé tó bí obìnrin ṣe ń fẹ́. Bàbá mi kì í ṣe ìkà ènìyàn o. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìjurìn, ohun tí ó sì gbàgbọ́ ni pé, "Obìnrin tó bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ní tọrọ jẹ." Ó rò pé ó ń ṣe mí lóore. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan, torí pé kì í bá bàbá mi jiyàn nídìí oúnjẹ, kì í sì í bá a jiyàn níwájú àlejò. Nígbà tó sì jẹ́ pé bí kò bá sí oúnjẹ nílẹ̀, àlejò yóò wà, wọn kì í sábà jiyàn.

Ẹni kan ṣoṣo tí ìyá mi gbójú lé ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Ìbàdàn. Ìyá mi fẹ́ kí ó kọ lẹ́tà sí bàbá mi, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí n máa lọ sí súkùù. Kò mọ̀ pé èrò náà ní àbùkù kan, tàbí bóyá ó mọ̀, kò kàn rí ọ̀nà mìíràn ni. Bí lẹ́tà bá dé bá bàbá mi, yóò ní kí n kà á sí òun létí, yóò mi orí, yóò ní, "Ó dáa," yóò sì fi í sí àjà lókè ààrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tí a fi pamọ́ fún gbígbìn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé àjà ti parí nìyẹn. Lẹ́tà Bọ̀dá Ìbàdàn tó wà níbẹ̀ á tó mẹ́wàá, gbogbo wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú èéfín.

Ohun tí ìyá mi kò mọ̀ rárá ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní kíláàsì lánàá ọjọ́ náà. Tíṣà wa wá láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ràn bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ó ní kí a kọ àròkọ nípa ilé wa. Mo fi ọwọ́ dáradára kọ ọ́ sókè pé "Ule Wa", mo wá kọ pé ule wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ugi ọsàn wà níwájú rẹ̀, pé a máa ń jẹ uṣu níbẹ̀. Mo rò pé wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹgba mẹ́ta ni mo gbà. Tíṣà wá kọ U gàgàrà kan sí ojú bọ́ọ̀dù, ó fi ṣọ́ọ̀kì rẹ́ ẹ kọjá láàárín méjì, ó sì sọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé nínú Yorùbá inú ìwé: ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ń fi u bẹ̀rẹ̀, i ni kí á máa fi sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí lọ́wọ́ nígbà tó dé ibi "bẹ̀rẹ̀" yẹn. Ohun tí mo gbọ́ kò ju pé u kò sí, i ni kí á máa fi sí i. Mo sì gbà á tọkàntọkàn, nítorí pé ẹgba mẹ́ta kì í ṣe ẹgba kan.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti ìyá mi ní àárọ̀ Sátidé, tó ń pe lẹ́tà fún mi, tí mò ń kọ ọ́. Gbogbo ibi tí ó bá ti pe u, mo ń yọ ọ́, mo ń fi i sí i. N kò fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀.

Ìyá mi kì í wọ inú ọ̀rọ̀ tààrà. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ó ní, "Kọ ọ́ pé uṣu tuntun dé. A sun ún lánàá, gbogbo ará ulé jẹ, wọ́n sì dúpẹ́." Mo kọ ọ́: "Iṣi tintin de. A sin in lanaa, gbogbo ara ile jẹ, wọn si dipẹ." Ó ní kí n sọ fún un pé ewúrẹ́ tó rà fún òun ní ọdún Àjíǹde ti kú. Mo kọ ọ́: "Ewirẹ rẹ ti ki." Lẹ́yìn èyí ni ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá bàbá mi ń bọ̀, ó ní, "Wàyí o, kọ ọ́ pé bàbá Fúnkẹ́ fẹ́ mú un kúrò ní súkùù. Kí ó jọ̀wọ́, kí ó bá mi bẹ̀ ẹ́." Èmi tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, tí omi ń dà lójú mi sórí ìwé, mo kọ ọ́ gbàǹgbà pé: "Baba Finkẹ fẹ mi in kiro ni sikii." Orúkọ ara mi gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sì fi ọwọ́ sí i nísàlẹ̀: "Ọmọ yin, Finkẹ."

Ìyá mi ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á bí ó ṣe pè é fún mi, u kò dín kan níbẹ̀, nítorí pé ohùn ìyá mi ṣì wà létí mi, n kò sì fi ojú wo ìwé púpọ̀. Ó mi orí. Ó ní, "O ṣe é, ọmọ mi." Ó bu iṣu fún mi, ó da epo lé e. A lẹ lẹ́tà náà pa, awakọ̀ kan bá wa gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìjerò.

Mo ka ọjọ́. Ìsinmi ń bọ̀, bàbá mi sì ti ra àpótí pákó kékeré kan tí n ó kó aṣọ mi sí. Ní gbogbo àárọ̀ ni mò ń wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ejò ló wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn kò dé láti Ìbàdàn.

Èèyàn ló dé. Ọ̀sán gangan ni, ìyá mi ń sá kòkó lójú àgbàlá. Bọ̀dá Ìbàdàn yọ ní kọ̀rọ̀ ilé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, fìlà dúdú lórí, eruku ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sì ti sọ irun ojú rẹ̀ di pupa. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó dì mọ́ ìyá mi, ó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Ìyá mi dúró gbagidi pẹ̀lú kòkó lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ni ó kú?"

Ó ní, "Iṣi ni."

"Ta ni ń jẹ́ Iṣi?"

Bọ̀dá Ìbàdàn fa lẹ́tà mi yọ nínú àpò. Ó ti kà á títí ibi tí a ti ká a fi fẹ́ já. Ó ní bí òun ṣe rí i pé Iṣi tíntín dé, pé a sin ín lánàá, òun mọ̀ pé ìyá mi ti tún bímọ, pé ọmọ náà kéré, kò sì dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó lè yé yín: ọmọ méjì ni ìyá mi ti sin ṣáájú mi, Bọ̀dá Ìbàdàn ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí kò fi dúró kọ ìwé. Ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀. Ó ní ohun tó tún dun òun jù ni ibi tí a ti ní gbogbo ará ilé jẹ. "Mo ní, ṣé ẹ ti ya wèrè ni? Ta ní ń se àsè nídìí òkú ọmọdé?" Ti ewúrẹ́ tó kí òun, ó ní òun fò ó, ìbànújẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ní bàbá Fínkẹ́ fẹ́ mì ín ní Síkíì, òun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni, nítorí pé òun kò mọ ìlú tí ń jẹ́ Síkíì, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mì ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ láàárín kòkó. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó mú un di inú mú, tí kò jẹ́ kí ó lè dìde. Bí Bọ̀dá Ìbàdàn ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń le sí i. Èmi ní tèmi, mo ti wà lẹ́yìn ìkòkò omi, mo ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé mi.

Ibẹ̀ ni bàbá mi bá wọn nígbà tó ti oko dé. Ó ní kí àna òun tún lẹ́tà náà kà. Nígbà tó dé ibi ewúrẹ́, bàbá mi rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń nu ojú, ó ń wí pé, "Ó kú tán, ó wá ń kí ènìyàn!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ lójijì. Ó yíjú sí ibi tí mo fara pamọ́ sí.

Ó ní, "Ẹ ẹ̀ wá rí i bí? Ọdún mẹ́rin ní súkùù, ewúrẹ́ ló ń kí ènìyàn. Kò mọ̀wé. Àràmọ̀kọ́ yá."

Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé tí wọn yóò fi lé mi kúrò nídìí ìwé. Bọ̀dá Ìbàdàn sáré ká lẹ́tà náà, ó ń wá àpò tí yóò fi í sí, bí ẹni tí wọ́n ká ẹ̀rí mọ́ lọ́wọ́.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Ó dìde láàárín kòkó, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Àlejò wà ńbẹ̀, síbẹ̀ ó wo bàbá mi lójú, ó ní, "Uṣu tí kò bá jinná, uná ni a ń kó sí i. A kì í jù ú nù."

Gbólóhùn kan yìí nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni èyí máa ń jẹ́ lẹ́nu ìyá mi, bí ebi bá ń pa mí tí mo ń yọ iṣu tútù lórí iná. N kò mọ̀ pé ó ní iṣẹ́ mìíràn. Bàbá mi wo ìyá mi, ó wo àna rẹ̀ tó rin ìrìn àjò láti Ìbàdàn wá kí òkú tí kò sí. Lẹ́tà ṣeé fi sí àjà, àna kò ṣeé fi sí àjà.

Ó ní, "Ọdún kan. Bí ewúrẹ́ bá tún kí ènìyàn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má bẹ̀ mí mọ́."

Àpótí pákó náà ni a wá kó ìwé mi sí. Lọ́dọọdún, bí mo bá mú káàdì èsì ìdánwò wálé, bàbá mi kì í béèrè ipò tí mo gbà. Yóò ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́?" Mà á ní, "Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, bàbá." Yóò ní, "Ó dáa." Ní ọjọ́ tí wọ́n fi mí joyè dókítà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí mo wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ pupa, bàbá mi tó ti darúgbó rọra tẹ ẹnu mọ́ mi létí láàárín èrò, ó bi mí ní ìbéèrè náà. Bọ̀dá Ìbàdàn ní tirẹ̀ pè mí ní Fínkẹ́ títí ó fi lọ sọ́run.

Ní báyìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí. Mo ti kọ ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin. Mo sì ń lọ láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjurìn, mò ń dúró níwájú àwọn obìnrin nínú gbọ̀ngàn, mò ń wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn yín!" Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á fún mi ní omi inú ọ̀rá, mà á padà sílé pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí ìyàwó àlùfáà ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi sí òun létí. Nígbà tí mo dé, ó ní, "Uwé rẹ dùn. Ṣùgbọ́n ṣé éè sí ará Ùpótì kankan nínú rẹ̀ ni? Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé. Ó ní òun ti gbọ́.

Àwa obìnrin kan kó ara jọ, a dá kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìpótì, ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sidé. Ìyá mi kọ́kọ́ ní ojú òun kò ríran mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, ó jókòó síwájú pátápátá, ó sì ń bá tíṣà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, jà pé ó ń sáré jù.

Ní àkókò òjò tó kọjá, mò ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọ́fíìsì, báírò pupa wà lọ́wọ́ mi. Awakọ̀ kan láti ilé gbé lẹ́tà kan wá fún mi. Mo ṣí i, mo tẹ́ ẹ sórí òkìtì ìwé tó wà níwájú mi. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni, ìlà kan ń gòkè, ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀:

"Si ọmọ mi Funkẹ. Gbogbo ara ule ki ọ. Uṣu tuntun ti de. Wa jẹ tirẹ."

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti yí òdo pupa ká "ule", ó ti kọ "ile" sórí rẹ̀, ó ti fa ìlà dé àárín "Uṣu". Ibẹ̀ ni ọwọ́ náà ti dúró.

Ojú tì mí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojú tì mí gidigidi, èmi nìkan nínú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó yọ u nínú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe é nítorí ẹgba mẹ́ta. Kò sí ẹni tó na ọ̀jọ̀gbọ́n yìí. Ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìyá mi fi dúró kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sórí ìwé, èmi tí mò ń pariwo ohùn obìnrin kiri ni mo sì kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ní Sátidé, mo gbé lẹ́tà náà lọ sí Ìpótì. Mo lè fi í pamọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò béèrè rẹ̀. Mo bá a níwájú ilé ìdáná lórí àpótí, iṣu wà lórí iná. Ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó sì fi ìka tọ́ ibi tó pupa.

"Kí ni èyí?"

"Àṣìṣe ni, ìyá."

Ó wò mí. "Tèmi ni, àbí tìrẹ?"

"Tèmi ni."

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ ìgbànú aṣọ rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gún iṣu tó wà lórí iná, ó fa ọ̀bẹ náà yọ, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó sì wò mí, èmi àti aṣọ léèsì mi àti awò ojú mi, láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Éè tí ì jinná. Kó uná sí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó sì ń fẹ́ná.